Ẹsẹ̀ Iwájú Ìjàpá Hasanat

Kí Hasanat tó fojú kan Ìjàpá Salman ló ti mọ̀ pé òun kò ní í rà á. Ọkọ̀ àtijọ́ kékeré ẹlẹ́yìn róbótó yìí, tí gbogbo Ẹdẹ ń pè ní Ìjàpá, oríṣi méjì ló wà, ẹsẹ̀ iwájú lèèyàn sì fi ń mọ̀ wọ́n. Oríṣi kan ní irin gbọọrọ méjì tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ imú ọkọ̀. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀, sípéà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láti Òṣogbo títí dé Ìbàdàn. Oríṣi kejì, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n gbé dúró gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí sípíríìngì wé mọ́ ọn lára. Irú èyí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa rí. Bó bá bàjẹ́, ẹni tó ni ín á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ará òkè òkun.

Oníṣọ́ọ̀kì ni ti Salman.

Hasanat kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ó gboyè jáde, iṣẹ́ kò wá. Ìdí kíóòsì P.O.S. ló jókòó sí títí ó fi rówó pa mọ́. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn ìyàwó tuntun ń wá ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n á fi ya fọ́tò níjọ́ yìgì. Òun á ra Ìjàpá kan, òun á máa fi í háyà. Labeebah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un níṣẹ́ àkọ́kọ́: kó gbé òun lọ síbi yìgì òun ní Awo. Bí ìyẹn bá lọ geere, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Bí kò bá lọ geere, kíóòsì ṣì wà níbẹ̀.

Ó ti rí èyí tó fẹ́ ní Sekona, lọ́wọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n oníirin gbọọrọ ni. Samuel mẹkáníìkì bá a lọ, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó mi ẹsẹ̀ rẹ̀ jìgìjìgì, ó jáde.

"Ra èyí," ló wí. "Ara ló ṣe é kùn lọ́dà. Ẹsẹ̀ ò ṣe é kùn."

Ṣùgbọ́n nínú agboolé wọn, ọmọ kì í dá ọkọ̀ rà, àgàgà obìnrin. Àgbà gbọ́dọ̀ rí i. Àgbà náà ni Àlàájì Ìyàndá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí kò wakọ̀ rí láyé. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni Àlàájì wí, wọ́n sì ní Salman, ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn, ní Ìjàpá kan tó ń dán.

Àwọn méjèèjì lọ wò ó nílé Salman. Ó ń dán lóòótọ́, ó pọ́n bí ata rodo. Hasanat wà á dé ọ̀nà Òṣogbo, ó wà á padà. Bí eré ṣe ń pọ̀ ni sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì sì ń dún kò, kò, nínú gbogbo kòtò.

"Ṣọ́ọ̀kì òsì ti kú," ó sọ fún Salman. "Níbo lẹ ti ń ra sípéà rẹ̀?"

"Sípéà pọ̀."

"Pọ̀ níbo?"

Salman yíjú sí Àlàájì. "Bàbá, ṣé ọlọ́pàá lọmọ yín yìí ni?"

"Injiníà ni. Ìwé ló ń dà á láàmú."

Salman ṣí iwájú ọkọ̀, níbi tí búùtù Ìjàpá máa ń wà. "Ẹ wo àyè, bàbá. Torí pé ṣọ́ọ̀kì ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, àárín ṣófo. Àpò ìrẹsì á wọ̀ ọ́. Irú oníirin gbọọrọ, bóyá ló lè gba ewúrẹ́ kan."

Àlàájì na apá sínú búùtù, wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Inú wọn dùn.

"Bàbá, ìyàwó la fẹ́ máa gbé, a ò gbé ìrẹsì," ni Hasanat wí. "Sítíárìn rẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ohun tó bá lẹ́mìí ló ń gbọ̀n. Òkú kì í gbọ̀n."

Ibẹ̀ ni Salman ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Àlàájì. Àlàájì gbà á, wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Nínú agboolé wọn, bí àgbà bá ti ka Fátíhà lórí ọjà, a ti rà á nìyẹn, ìbáà jẹ́ àpò ẹlòmíràn lowó wà. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, àgbà ló dójú tì. A kì í sì í já lu àdúà. Hasanat tẹ́wọ́. Nígbà tí gbogbo wọn ṣe àmín, òun náà ṣe àmín.

Hasanat sanwó, ohun tó tẹ̀ lé e kò sì yani lẹ́nu. Samuel wá ṣọ́ọ̀kì dé Òṣogbo, ó wá a dé Ìbàdàn. Àwọn tó ń ta sípéà ń kó ti oníirin gbọọrọ jáde fún un lóríṣiríṣi. Bó bá ní oníṣọ́ọ̀kì lòun ń wá, wọ́n á bi í bóyá ó ní èèyàn ní Jámánì. Ó padà wá, ó ní kí àwọn gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mìíràn, kí àwọn jó o mọ́ ọn.

"Ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀?" Hasanat bi í.

Samuel wo ilẹ̀. "Èmi kọ́."

Hasanat gun ọ̀kadà lọ sí Sekona. Tíṣà ti ta ọkọ̀ rẹ̀. "Mo retí ẹ, ọmọ mi, mi ò rí ẹ."

Lọ́jọ́ yìgì, Ìjàpá Sekona ló gbé Labeebah wọ Awo. Ẹni tó rà á ti kùn ún ní funfun. "Má bínú," ni Labeebah wí, "mi ò lè gbé lẹ̀ẹ́sì jókòó sínú ohun tó ń gbọ̀n." Hasanat kò bínú sí i. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì wọ agbádá jáde sí ojúde, wọ́n ní kó fi ọkọ̀ àwọn gbé àwọn lọ kírun. Hasanat wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn bí Salman ṣe gbé e fún wọn.

"Ẹ̀yin lẹ gbà á, bàbá."

Àlàájì gbà á kí wọ́n tó rò ó. "Kí ni kí n fi ṣe? Ṣé o ò mọ̀ pé mi ò mọ ọkọ̀ wà ni?"

"Mo mọ̀, bàbá. Lọ́jọ́ tá a lọ rà á náà, mo mọ̀."

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀, ó sì lọ ṣí kíóòsì.