Òkúta Tí Mo Kọ̀ ní Kambolé

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ mú òkúta fún àyẹ̀wò, ìlú mi Kambolé gan-an ni wọ́n sì rán mi lọ. Láti Sokodé ni mo ti wọ agbádá funfun báláú, kí àwọn ará ilé lè rí i pé ọmọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ ní labo, ilé àyẹ̀wò. Fáàrí pọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn ju ọgbọ́n lọ.

Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń kọ́. Ìyá Ráfíátù àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi òòlù fọ́ òkúta tí wọ́n máa fi po kọnkéré, wọ́n kó o jọ lókìtì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ̀ bóyá ńlá àti kékeré inú rẹ̀ wà níwọ̀n tó yẹ. Bí ńlá bá pọ̀ jù, kọnkéré á ní ihò nínú. Ó yẹ kí n bù láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí n pò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n eruku ń bẹ, ìrun sì ti fẹ́ wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo bu ti ẹsẹ̀ òkìtì sápò, ó di mọ́ṣáláṣí.

Ní labo, mo to asẹ́ léra, olójú ńlá lókè, olójú wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Mo mì wọ́n, mo wọn ohun tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta ńlá ti pọ̀ jù! Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má lò ó, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iṣẹ́ náà ní Tchamba, inú mi sì ń dùn. Ọ̀gá ní kí n lọ sọ fún àwọn obìnrin náà fúnra mi.

Ìyá Ráfíátù ò pariwo. "Sùlé, níbo lo ti bù ú?"

Mo nawọ́ sí ẹsẹ̀ òkìtì.

"Háà! Gbogbo ìwé tó o kà ní école náà rèé? Tá a bá da òkúta jọ, ṣebí èyí tó tóbi ló máa ń yí wá sísàlẹ̀? Oṣù méjì la fi fọ́ ọ. Ṣé ká kó o padà sínú igbó ni?"

Ojú tì mí gan-an. Mo gba ṣọ́bìrì, mo gbẹ́ òkìtì náà títí òógùn fi bò mí. Mo bù láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, mo lọ sẹ́ ẹ ní labo. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ wà níwọ̀n.

Mo pe ọ̀gá. Ó ní, "Àṣìṣe òkúta ni àbí tìẹ?"

"Tèmi ni, ọ̀gá."

Mo padà lọ sọ fún Ìyá Ráfíátù pé òkúta rẹ̀ ti yege. Kò dúpẹ́, kò tiẹ̀ dá òòlù dúró.

"Òkúta tèmi ti yege tipẹ́," ló wí. "Ìwọ là ń retí."