Máàpù Tí Mo Ní Ikán Jẹ

Áà, Fọlọ́runṣọ́, ọmọ Ọbòkun, irọ́ ni mo pa fún ọ! Ikán kò jẹ máàpù rẹ. Èmi Làmídì, ọ̀rẹ́ rẹ ará Òkè-Baálẹ̀, ni mo ká a, tí mo gbé e pamọ́ sórí àjà ilé mi ní Òṣogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń fojú ọ̀tá wo ara wọn. Amẹ́ríkà ni mo ti kàwé. Mọ́síkò, ní Rọ́ṣíà, ni òun ti ka tirẹ̀. Nínú máàpù ayé tí mo gbé bọ̀, Amẹ́ríkà ló wà láàárín. Nínú tirẹ̀, Rọ́ṣíà ni. Ó ní ká gbé méjèèjì kọ́ sára ògiri kíláàsì, kí àwọn ọmọ lè rí i pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ka ara rẹ̀ sí àárín ayé, ó sì ń wo èkejì bí ẹni tó fẹ́ ká a mọ́.

Fọlọ́runṣọ́, o máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ jẹ ọlọ́dẹ ayé, gbogbo òjìji ni yóò máa pè ní olè. Ẹni tí wọ́n sì ti fọ́lé rẹ̀ rí, bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, àdá ni yóò kọ́kọ́ wá." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì yé wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé o fẹ́ sọ wọ́n di ọmọ Rọ́ṣíà, pé o sì fẹ́ gba ipò mi. Mo fi ara mi jẹ ọlọ́dẹ, mo pe ọ̀rẹ́ mi ní olè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi gan-an ni olè.

Nígbà tí mo sọ ti ikán fún ọ, ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn: "Làmídì, ikán yìí mà gbọ́n o! Ó rí ti Amẹ́ríkà, kò fẹnu kàn án."

O mọ̀. O kò sì bi mí mọ́. Ọdọọdún lo ń ti Iléṣà wá bá mi jẹ ẹran Iléyá, lábẹ́ àjà tí máàpù rẹ wà. Iléyá tó kọjá, rédíò ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, o ní, "Àwọn wọ̀nyí náà kò tíì rí máàpù ara wọn." Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ẹran ni mo bù sẹ́nu. Ojú ń tì mí títí di òní.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìnkú rẹ, mo gbé máàpù náà lọ fún Mojí, àkọ́bí rẹ, tí òun náà ń kọ́ni. Ó tú u wò, ó ní, "Bàbá, ti Amẹ́ríkà yín ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni Dádì fẹ́ kí wọ́n wà."

Mo padà sí Òṣogbo lọ gbé e wá. Méjèèjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùn re o, ọmọ Ọbòkun. Máàpù rẹ ti délé.