Ọjọ́ Tí Mo Sin Màámi Wọ Bàálù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàálù kò lè kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Àbújá, màámi fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Wọn ò lè dá lọ, ẹ̀rù bàálù sì ń bà mí, ni mo bá ń sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀.

Níkẹyìn, a gbéra nílé wa ní Okokomáíkò, a lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Bí bàálù ṣe fò sókè, mo di màámi mú, mo dijú.

"Ọkọ mi, lajú. Ṣé ìwọ lo sìn mí wá ni, àbí èmi ni mo sìn ẹ́?"

Mo lajú. Ìkùukùu tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ wa bí òwú, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń lálàá. Ẹ̀rù náà lọ.

Inú mi dùn títí a fi délé ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ tí màámi fẹ́ wẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.