Èbù Mẹ́tàlá

Ní kékeré mi ní Ìwéré-Ilé, nǹkan mẹ́ta ló ń bà mí lẹ́rù: ejò, okùn tó jọ ejò, àti ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ejò.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ iṣu sísun nínú ọyẹ́ ayé ìgbà yẹn, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ni ẹṣin wa, ẹ ó rántí bí oko ṣe ń rí. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹni tó tẹ elùbọ́, èéfín á sì máa ta wá lójú bí a ṣe ń fi epo pa iṣu gbígbóná. Èmi á kọ́kọ́ yẹ abẹ́ òkúta wò kí n tó jókòó.

Bàámi ní irú iṣu kan, èfùrù, tí baba ńlá wa fi sílẹ̀. A kì í jẹ èbù rẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Kódà lọ́dún tí òjò kọ̀, tí ẹ̀kọ mímu di oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàámi á ní, “Ẹni tó jẹ èbù, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló jẹ.” Bí ọmọ ilé wa bá ti tó gbé ọkọ́, wọ́n á ka igba èbù fún un. Ogún rẹ̀ nìyẹn, wọn kì í fúnni lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó kàn mí, inú mi dùn dé eyín. Mo gbin igba náà sínú ebè tí Bàámi kọ sílẹ̀. Ó wá ku kí n fi koríko bẹẹrẹ gbígbẹ bo orí ebè kọ̀ọ̀kan, kí n fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn má baà se èbù mọ́lẹ̀. Bùọ̀dá Lámidi, ẹ̀gbọ́n mi, sì ti sọ fún mi pé inú bẹẹrẹ ni paramọ́lẹ̀ ń sùn. Mo bo mọ́kànlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí mo ṣe gbé ìdì mìíràn, nǹkan kan ta pọ́n-ún nínú rẹ̀. Aláǹgbá ni, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, mo ti dé abà.

“O ti bò ó tán?”

“Mo ti bò ó tán, Bàámi.”

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Bàámi tó ya ibẹ̀. Wọ́n tú ebè kan, wọ́n tú èkejì. Èbù ti di gbodo nínú ilẹ̀. Nínú igba, mẹ́tàlá ló yè: mọ́kànlá tí mo bò, àti méjì tí ewé igi emi já bò.

“Ta ló bo méjì yìí?”

“Ọlọ́run ni, Bàámi.”

Bùọ̀dá Lámidi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Èmi ń wo ibi tí pàṣán máa gbà wá, àmọ́ Bàámi kàn jókòó sílẹ̀.

“Àjàní, ejò ń ba èmi náà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èbù ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́.”

Wọ́n mú igi, wọ́n na ìdì bẹẹrẹ kan dáadáa kí wọ́n tó gbé e. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Wọn ò sì fi ẹyọ kan kún èbù mi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gba oyè. “Baálẹ̀ Ebè Mẹ́tàlá,” Bùọ̀dá á ní, “àwọn ará ìlú yín ńkọ́?” Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ oyè yẹn. Lọ́dọọdún, bí mo bá gé iṣu, mo ń fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè kó tún ta èbù. Mẹ́tàlá di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń lé bẹ́ẹ̀ títí ó fi ju igba lọ. Mi ò jẹ ẹyọ kan níbẹ̀.

Lóde òní, ọ̀kadà ló ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sóko, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó dé orókún. Ẹni tí èbù rẹ̀ bá bàjẹ́ á ra òmíràn lọ́jà. Ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò bú ayé. Nígbà tiwa, ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́, ọwọ́ yẹn náà ló máa fi tún un ṣe.

Gbogbo èfùrù tó wà lóko mi lónìí, tí mo ń kà fún àwọn ọmọ mi, ọmọ èbù mẹ́tàlá yẹn ni. Bàámi, ẹ ṣé tí ẹ ò fi kún un.