Ìtòkò Lára Géètì Ọgbà Mi

Mo háyà ọgbà kékeré kan ní Wilhelmsburg, àdúgbò kan ní Hamburg níbí, níbi tí mo ń gbin tòmátì àti ẹ̀fọ́ sí. Bàbá arúgbó ọmọ Jámánì kan ló ni ọgbà tó kángun sí tèmi. Bí a bá ń tu koríko ní Sátidé, ìtàn Amẹ́ríkà kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Hamburg wà lọ́hùn-ún, Berlin náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ó ní Boston tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá-bàbá rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi ní èbúté Hamburg yìí, New Hamburg ni wọ́n sì ń pe ìlú tó lọ gbé. Bàbá kọ New Hamburg gàdàgbà sára ahéré ọgbà rẹ̀. Á ní, "Àárò ilé ló ń sọ wọ́n," omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Èmi náà ní àárò tèmi. Ìtòkò ni wọ́n bí mi sí, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́, tí àwọn baba ńlá wa sá wá sábẹ́ Olúmọ, kálukú gbé orúkọ ìlú rẹ̀ dání: Aké, Kẹ́mta, Ìtòkò. Mo wá pákó, mo fi ọ̀dà funfun kọ ÌTÒKÒ sí i, mo kàn án mọ́ géètì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí alága Verein, ẹgbẹ́ àwa ọlọ́gbà, fi dé. Ó ní kí n yọ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́, pé bí iná bá sọ, àwọn panápaná lè ṣìnà. Inú bí mi gan-an.

Mo ní, "Bí iná bá sọ ní New Hamburg yìí ńkọ́? Ṣé Amẹ́ríkà ni wọ́n máa gbé omi lọ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀." Mo bi í pé báwo ló ṣe yàtọ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo ìgbà ooru la fi fà á. Nígbà tí mo ń kàwé ní Berlin, tí mo ń gbé àdúgbò Hellersdorf, mo tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní Moabit títí ẹsẹ̀ fi wú mi nítorí ìwé ìgbélùú, mi ò sọ̀rọ̀. Ti pákó yìí ni mo ní mi ò ní gbà. Ó ti sú mi kí n máa tọrọ àyè fún ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, bàbá arúgbó dìde nípàdé, ó ní bí wọ́n bá máa yọ tèmi, kí wọ́n yọ tòun náà. Wọ́n dìbò, mo borí.

Ní Sọ́ńdè, mo pe ìyá mi lórí fídíò. Nígbà tí mo ń kúrò nílé, mo ṣèlérí fún un pé bí mo bá ti kàwé tán, màá padà. Iṣẹ́ Hamburg wá dé, mo ní ọdún méjì péré ni. Ó ti pẹ́ tí ọdún méjì ọ̀hún ti pé. Mo fi géètì hàn án, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ó wò ó títí. "Ṣé Ìtòkò ni mo kà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. They wanted to remove it, mo bá wọn fà á."

"Ṣé ogun kó Ìtòkò ni?"

"Rárá, Mà."

"Àwọn baba wa ò rílé padà sí ni wọ́n fi gbé orúkọ dání. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó o máa ń sọ ìtàn wọn fún mi, èwo ló padà wálé nínú wọn? Ilé tìẹ ń bẹ níbí. Oṣù tó kọjá ni mo ní kí wọ́n kun yàrá rẹ."

"Màmá, it's just a sign now."

Ó ní, "Ó dáa. Kí ibẹ̀ tù ọ́ lára."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú òòlù lọ sí ọgbà láti yọ pákó náà. Inú ń bí mi sí alága, ó ń bí mi sí ìyá mi, ó ń bí mi sí ara mi. Mo dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá yọ ọ́, á dà bí ẹni pé mò ń padà bọ̀ nílé, irọ́ mìíràn ni mo tún fẹ́ pa fún un yẹn. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo lọ bomi rin tòmátì.