Pátákó Tí A Rì Sí Oko Olóko

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, tí èèkù ọkọ́ mi kò tíì gùn ju apá mi lọ, Besé wa yìí, lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́, kò rí bí ẹ ṣe ń wò ó lónìí. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀pà la mọ̀. Bí ẹ bá dúró létí oko, ẹ ó máa rí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán bí àgbààgbà tó jókòó tí kò fẹ́ dìde. Mo ti sọ ìtàn oríṣiríṣi fún yín nípa ìgbà yẹn, ẹ sì ti rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kì í sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí pé kò bu iyì kún mi. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ìgbà ìjọba ológun ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilẹ̀ wa, àtàgbà àtọmọdé sì di "kamaráàdì", ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ara wọn. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní oko, abúlé gbọ́dọ̀ ní oko. Ìjọba wá rán olùkọ́ àgbẹ̀ kan sí wa, ọ̀dọ́kùnrin kan láti ìhà Pọ́bẹ̀, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín bí tiwa náà ṣe ń pa á lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti ìdílé wọn ní ọ̀nà tuntun tí à ń gbà dáko. Móbílẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ oní-ẹ́ńjìnnì, ló ń gùn. Bí a bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, a ó ti sáré jáde.

Ó kó àwa ọmọ ilé-ìwé jọ sí ẹgbẹ́, wọ́n fún wa nílẹ̀ létí ọ̀nà, ó sì ri pátákó kan síbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí lára ní èdè Faransé. Nítorí pé mo mọ̀wé díẹ̀, tí ẹnu mi sì mú, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹ̀yin ọmọ, orí mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi kò gbádùn mi mọ́.

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, olùkọ́ yìí á kó baba, ìyá àti ọmọ jọ sábẹ́ igi irú. Á ní kí a na okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé òpin, kí a máa gbin ẹ̀pà tẹ̀ lé okùn náà, kí àyè àárín wọn dọ́gba. Àwọn àgbà á máa mi orí bí ẹni tó gbà, wọ́n á sì padà lọ gbin tiwọn bí bàbá wọn ṣe gbin ín.

Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí kì í jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù. Opó ni, kò sì bímọ tó yè. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí olùkọ́, á máa pa ẹ̀gúsí rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi okùn, á sọ tirẹ̀ láìyíjú.

"Olùkọ́, ẹ̀pà kì í mà ṣe ọmọ ilé-ìwé tí yóò tò lórí ìlà o! Ṣé wàá tún fọn fèrè fún un ni?"

Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà á rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ṣáà máa gbọ́."

"Gbọ́ kí ni? Ẹ̀gúsí ni mò ń pa."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyá yìí. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Nílẹ̀ wa nígbà náà, bí ènìyàn bá fẹ́ gbin nǹkan, ọwọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù ló ti máa ń fẹ́ gba irúgbìn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbóná, ohun tó bá gbìn tàbí tó fún ni gbìn kì í yè. Ọkọ ìyá yìí kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kú ní kékeré, ó sì di pé ẹ̀pà tó bá fún ni, ẹ̀rín ni wọ́n á fi gbà á, wọ́n á sì yan án jẹ. Wọn kò jẹ́ gbìn ín. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Oko rẹ̀ àti oko ẹgbẹ́ wa pààlà. Ilẹ̀ ìjù kan náà ni baálẹ̀ pín sí méjì lọ́dún yẹn, ó fún wa ní apá kan, ó fún ìyá náà ní apá kejì torí pé ẹlòmíràn kò fẹ́ ẹ. Àwọn tó mọ ibi tí ààlà gbà gan-an kò pọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo ń wá igi ìdáná kiri, mo bá ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀ nínú oko rẹ̀. Ó so okùn mọ́ èèkàn méjì, ó ń gbin ẹ̀pà tẹ̀ lé e, ó sì ń fi ìka wọn àyè àárín wọn. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ojú tì í bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o rí mi àbí o ò rí mi?"

"Mo rí yín, Ìyá."

"O ò rí mi." Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí n súnmọ́ òun. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Jẹ́ kó kọ́kọ́ yè ná. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá olùkọ́ yín bá wá wo oko, èmi fúnra mi ni màá mú wọn wá síbí. Mo fẹ́ kí gbogbo Besé tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo sì pa ìbúra yẹn mọ́, ẹ má rò pé n kò pa á mọ́. Ibi tó burú sí nìyẹn.

Kò pẹ́ ni ìjọba pe olùkọ́ wa lọ sí Pàràkú fún ẹ̀kọ́ oṣù méjì. Kó tó lọ, ó kó irúgbìn ẹ̀pà lé wa lọ́wọ́. "Kamaráàdì olórí," ó ní, "ọwọ́ rẹ ni mo fi oko sí o." Ẹ̀yin ọmọ, kí la fi irúgbìn náà ṣe? Ìdajì rẹ̀ la yan jẹ. Ìyókù, a fọ́n ọn sílẹ̀ gátagàta, a sì gba ìdí máńgòrò lọ. Nígbà tí a máa fi padà débẹ̀, koríko ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lódìkejì ààlà, ẹ̀pà ìyá náà ń dàgbà, ó tò lọ rẹrẹ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ní kólẹ́sẹ̀.

Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ wá wo oko ẹgbẹ́ wa. Ó ku ọjọ́ méjì. Bí gbogbo wa bá gbé ọkọ́ lọ́sàn-án lóru, a kò lè ro koríko yẹn tán. Ọ̀gá ilé-ìwé sì ti sọ pé ẹni tó bá dójú ti ilé-ìwé lọ́jọ́ náà yóò rí ohun tí ojú ń rí. N kò ní di ẹ̀bi yìí ru ẹlòmíràn: èmi ni mo ro ohun tí a ṣe. Ọjọ́ ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ìyá náà kì í sì í pa ọjà yẹn jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ fa pátákó wa tu, a gbé e kọjá ààlà, a sì rì í sí etí oko ìyá.

Ọkọ̀ dé. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, olùkọ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Pàràkú dé wà láàárín wọn. A na ọwọ́ sókè, a kígbe ọ̀rọ̀ ìyípadà ìlú tí wọ́n kọ́ wa. Àwọn ará abúlé rọ́ tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a dé oko, gbogbo ènìyàn lanu. Olùkọ́ wo pátákó, ó wo igbó koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

Àgbà inú àwọn ọ̀gá náà, ọkùnrin kan tó sanra tó ń nu òógùn ọrùn, yíjú sí mi. "Kamaráàdì olórí, ṣé ẹ̀yin ọmọ yìí lẹ ṣe gbogbo èyí?"

"Àwa ni, kamaráàdì ọ̀gá."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo rí ìyá náà. Kò lọ sọ́jà. Ó ti wẹ̀, ó ti fi òrí para, ó ró aṣọ aláró tí kì í ró àfi lọ́jọ́ ọdún, ó sì ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó gbé igbá omi tútù lọ́wọ́ fún àlejò. Lójú tirẹ̀, àlejò oko rẹ̀ ni wọ́n. Ó dé ìdí pátákó, ó dúró. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ pátákó wa, ojoojúmọ́ ló ń kọjá lára rẹ̀.

"Ìyá yìí ńkọ́?" ni ọ̀gá náà béèrè. "Ta ni wọ́n?"

Ó la ẹnu láti fèsì. Ẹnu mi yá ju tirẹ̀ lọ.

"Ìyá tó ń bá wa lé àparò ni."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní òun ló gbìn ín ni, eérú là bá máa wò."

Ìyá náà wò mí. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó na igbá omi sí ọ̀gá, ó ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àparò ni mò ń lé. Àparò ọdún yìí mà pọ̀ o."

Ọ̀gá mu omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "kamaráàdì ìyá". Wọ́n fún ẹgbẹ́ wa ní ọkọ́ tuntun àti ọkọ̀ àfọwọ́tì kan tí ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà sì pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. "Ká ní mo tú àṣírí rẹ níbẹ̀, wọn ì bá nà yín, wọn ì bá sì lé olùkọ́ yín. Ọmọ ọlọ́mọ ni yín, ọmọ ọlọ́mọ lòun náà. Dìde, lọ máa ṣeré." Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ gba ilé baálẹ̀ lọ, kí n lọ sọ òótọ́. N kò lọ. Ara tù mí, bí ó ti ń tu olè tí wọn kò rí mú, mo sì lọ ṣeré lóòótọ́.

Olùkọ́ kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa pátákó náà tu, ó gbé e padà sáàárín koríko wa. Ó ń kí mi, ṣùgbọ́n kò pè mí ní kamaráàdì olórí mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ síbòmíràn.

Ìyá náà wú ẹ̀pà rẹ̀. Ó pọ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní àwa ọmọ ilé-ìwé ló fi ta á lọ́rẹ nítorí àparò tó lé. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, gbogbo Besé na okùn. Ìyá náà gbé igbá ẹ̀pà kan wá fún ìyá mi. "Irúgbìn rèé," ó ní. "Èyí tó yè dáadáa ni." Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́ gan-an. Bí ìyá náà ti yí ẹ̀yìn padà, ìyá mi gbé apẹ kaná, ó da gbogbo ẹ̀pà náà sínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀pà náà ṣe ń ta nínú apẹ, n kò sọ ọ́. Nígbà tó yan tán, mo jẹ nínú rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá náà kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Adido. Ibẹ̀ ló kú sí. Mo ti wà nílé ọkọ nígbà tí mo gbọ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí, ọmọbìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ń wá kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́. Àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn, inú àpò ni irúgbìn ń gbà wá, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ọwọ́ gbígbóná. Kí wọ́n tó tẹ oko, wọ́n á béèrè olóko, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n, ojú á sì máa tì mí.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí wá sí àgbàlá mi, àwọn ará ilé sì pé jọ. "Ìyá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi okùn gbin ẹ̀pà ní Besé. A fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́."

Mo ní kì í ṣe èmi. Mo dárúkọ ìyá náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ọmọbìnrin náà tẹ́tí títí mo fi parí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ wo bí àgbà ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀!"

"Bí ìyá wa ṣe rí nìyẹn," ni ọmọ mi fèsì. "Wọn kì í fẹ́ gba ìyìn."

Wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n tún pa á sí i. Láyé ìgbà yẹn, ẹnu ọmọdé kan péré ló gba oko lọ́wọ́ àgbà. Láyé ìsinsìnyí, ẹnu àgbà ń wá bí yóò ṣe dá a padà, kò sì rí ẹni tí yóò gbà á.