Ọmọ Kan, Ọfà Méjì

Eruku ṣọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Sabon Gari ní Kano. Tísà ìṣirò ya róbótó méjì sára bọ́ọ̀dù. Ó ní kí á kọ orúkọ àwa ọmọ sínú ọ̀kan, orúkọ ìyá wa sínú èkejì, kí oníkálukú fa ọfà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá lè fà á sọ́dọ̀ ìyá kan, kò burú; bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti fa ọfà kan ṣoṣo, ohun tí ìṣirò ń pè ní fọ́ńṣọ̀n nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fa méjì, tàbí tí kò fa rárá, ìbátan ṣì ni, kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n mọ́.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fa méjì. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí mi, tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Èkejì lọ sọ́dọ̀ ìyá tó tọ́ mi, aládùúgbò wa tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Singer, tó kó mi mọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Tísà na írésà sí mi, ó ní kí n pa ọ̀kan rẹ́. Mo ṣebí ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni.

Ní sáà yẹn gan-an ni ìyá tó bí mi dé, ó ní òun wá mú ọmọ òun. Àwọn àgbà ìjọ jókòó sí pálọ̀, wọ́n bi mí pé ta ni màá bá lọ. Hausa ló jáde lẹ́nu mi, "Duk su biyun," pé àwọn méjèèjì ni. Ìyá tó tọ́ mi já ọwọ́ mi kúrò lára ìró rẹ̀.

"Ẹni tó bíni ló nini," ó wí. "Máa bá a lọ. Sai haƙuri, àfi sùúrù."

Ó wọ yàrá, a sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti pálọ̀. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Èmi tí mo ní wúrà méjì ni òṣì ta jù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Gàm̀bàrí ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi kò burú sí mi, àmọ́ a kò mọ ara wa, títí tó fi kú.

Èyí tó tọ́ mi náà kú sí Kano. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín. Nínú ìsìn ìdúpẹ́, àlùfáà ní kí àwọn ọmọ olóògbé jáde síwájú. Mo dìde. Àkọ́bí rẹ̀ rọra di ọwọ́ mi mú.

"Jókòó. Àwa ọmọ ni wọ́n pè."

Mo jókòó.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi gbé iṣẹ́ àmúrelé wá, róbótó méjì náà ni. Ó ti fa ọfà tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó wá fẹ́ kọ orúkọ èmi náà sínú róbótó àwọn ọmọ. "Màmá, tiyín ńkọ́?" Mo di bírò mú títí. Mo sọ fún un pé kí tirẹ̀ lè jẹ́ fọ́ńṣọ̀n, kó má kọ orúkọ mi sínú róbótó àwọn ọmọ.